Ẹni Méjì Péré

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó ìdí máṣíìnì. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ara tèmi náà le, àfi òtútù tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá mi wọlé. Mo ti ká aṣọ àtijọ́ kan dí i, ó sì ti sàn.

Mi ò pè yín lórí fóònù nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ. Fóònù yín yẹn, bí ẹ bá gbé e sétí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń bá yín gbọ́ ọ, títí kan ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ lójú títì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ka èyí ní ẹ̀yin nìkan.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti wo bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀kọ́ tó kàn ni ti nọ́mbà kékeré tí wọ́n máa ń kọ sí èjìká nọ́mbà ńlá. Agbára là ń pè é. Bí ẹ bá rí méjì, tí mẹ́ta kékeré gun èjìká rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ kọ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀: méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin, mẹ́rin lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́jọ. Mẹ́jọ ni ìdáhùn. Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣe, mo ní kí wọ́n máa wí i tẹ̀lé mi. Wọ́n wí i, ohùn wọn ń ró gbọnmọ. Ìgbà tí mo wá ní kí wọ́n kọ ìdáhùn, gbogbo wọn pátá ló kọ mẹ́fà. Méjì lọ́nà mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe ní tiwọn. Màámi, ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ọ̀gá ò pariwo. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ jáde ló ní: "Ìwọ mọ̀ ọ́n, àmọ́ àwọn ọmọ ò bá ẹ dé ibi tí ò ń lọ." Ó ní òun máa padà wá jókòó sórí àga yẹn kan náà, lórí ẹ̀kọ́ kan náà, kí a tó gba ìsinmi. Wọ́n ṣì ń dán mi wò; bí kò bá yàtọ̀, wọn ò ní gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n sì fi gbà mí láyè ní ìlú onílùú. Bó bá lọ, èmi náà ń bọ̀ wálé nìyẹn.

Ẹ bá mi fi sádùúrà. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Pàápàá jù lọ, Alága ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ rántí ohun tó sọ lójú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ tí mò ń lọ, pé kí ìsàlẹ̀ bàtà ẹsẹ̀ mi tó jẹ, màá ti padà dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, mi ò lè fún un lésì, àmọ́ mi ò fẹ́ kó rí ibi tó ti máa ní "ṣé mo wí bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ yín,
olùkọ́ oní-mẹ́fà


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Olùkọ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ bá mi nídìí iṣẹ́. Ìgbà tí mo kà á tán, mo ran iwájú bùláòsì oníbàárà mọ́ ibi tí ẹ̀yìn yẹ kó wà, mo tún jókòó tú u fọ́nrán fọ́nrán. Ìwọ lo fà á. A wà ní àlàáfíà. Ẹ̀yìn mi ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ ti di ọ̀rẹ́.

Ká má tíì lọ jìnnà, kí ni nọ́mbà ń wá lórí èjìká nọ́mbà? Nígbà tiwa, ilẹ̀ ni nọ́mbà máa ń jókòó sí, a kà á, ó tán. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun ni oúnjẹ rẹ, kọ́ wọn dáadáa. Ṣé o ò jágbe mọ́ wọn ṣá? Má jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà tí mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, bí mo bá ti jágbe báyìí, ọwọ́ rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á sọnù, àwa méjèèjì á wá máa fi ọwọ́ wá a nílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O máa ṣe é, mo mọ ẹni tí mo bí.

Ní ti pé kí n má sọ, fọkàn balẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi ẹni méjì péré. Mo sọ fún àbúrò mi, nítorí àbúrò mi kì í ṣe ẹnikẹ́ni, inú kan náà la ti jáde. Mo sì sọ fún Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, torí ó rí i pé ojú mi fà ro, ó ní òun ò ní kúrò níwájú mi àfi tí mo bá sọ ọ́. Àdúrà ẹnì kan ṣoṣo náà ò sì tó lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn méjèèjì ti búra. Kí tilẹ̀ ni ẹni méjì jẹ́ nínú gbogbo ayé? Ẹni méjì ò kún bẹ́ǹṣì.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, bá mi fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ránṣẹ́, èyí tó kéré. Kí o sì máa jẹun. Nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ ti ń gùn jù.

Ìyá rẹ,
tí ẹnu rẹ̀ ní àgádágodo


Ọjọ́ kejì, oṣù kọkànlá

Màámi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní pẹ́.

Alága pè mí láàárọ̀ òní. Inú ọkọ̀ ni mo wà, mo nàró, èèyàn há mọ́ mi níwá lẹ́yìn. Kò kí mi tán tó fi ní: "A ti gbọ́ pé wọ́n ti lé ọ. Má bọkàn jẹ́. Mo ti ní kí wọ́n gbá yàrá rẹ, mo sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yá èèyàn níwèé, wọ́n ń wá ẹni tí á máa to ìwé." Màámi, ta ló lé mi? Kò tíì sẹ́ni tó lé mi o!

Kò mọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá tó ń bá yín tún máṣíìnì ṣe fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí n kú àfaradà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ lọ ilé-ìwé gbọ́ ní tiẹ̀ pé mo gbá ọ̀gá mi létí. Obìnrin kan tún wà ládùúgbò mi níbí, tí n kò bá sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ rí, ó dá mi dúró níbi tá a ti ń fọṣọ, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fi tó òun létí láti ilé pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ló para pọ̀ tì mí jáde. Ó ní kí n má sunkún. Ìbọ̀sẹ̀ mi wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán nínú ẹ̀.

Mo bẹ̀ yín pé ẹ má sọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yẹn. Ó dùn mí wọra, Màámi. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní tí mo lè kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Bí mi ò bá wá lè kó o fún yín mọ́, ta ló kù? Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni màá máa kọ sí yín.

Òtútù mú lónìí. Ó dàbọ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, bó o bá ṣì ń gba ìkíni mi.

Ìgbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan, mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo ní ẹni tó tú àṣírí ọmọ mi, mo fẹ́ fojú rí i.

Onídìrí ni mo kọ́kọ́ ká mọ́. Ó ti dirun oníbàárà kan dé ìdajì, mo ní kó jẹ́ kí ìdajì tó kù dúró ná. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹni méjì péré ni mo sọ fún, ọkọ mi àti ìyá ọkọ mi." Mo bá ìyá ọkọ ẹ̀ délé. Ìyá ní ẹni méjì péré ni, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan náà. Mo dúró de ọkọ. Òun náà ní ẹni méjì péré: ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti bàbá tó ń tún máṣíìnì ṣe. Mo kọjá sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ìyẹn kọ́kọ́ bínú pé mo ń fura sí òun. Ìgbà tó bínú tán, ó ní ẹni méjì péré, ọmọ òun obìnrin àti ìyàwó Alága. Mo ní, "Ìyàwó ta ni?" Ó ní, "Àmọ́ mo kìlọ̀ fún un kó má sọ fún Alága." Mo tọ ìyàwó Alága lọ. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ní ẹni méjì péré lòun náà sọ fún, pé Alága wà nínú wọn lóòótọ́, àmọ́ ọkọ òun kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ó rẹ̀ mí. Gbogbo ilé tí mo wọ̀, ẹni méjì péré. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹni mẹ́ta. Gbogbo wọn ló pa àṣírí mọ́, kò sì sẹ́ni tí kò gbọ́. Ta ni kí n wá bá wí? Mo padà sọ́dọ̀ Onídìrí, mo gbé orí mi fún un, ó bá mi dì í.

Ìgbà tí mo dúró wo dígí ni mo rí ẹni tí màá bá wí. Ẹnu ta ló kọ́kọ́ ṣí? Má bínú sí mi, ọmọ mi. Dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ ojú ọjọ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kọ lẹ́tà kan sí ọ kí n tó kọ èyí. Bóyá ó sọnù lọ́nà, bóyá kò sọnù.

Ọ̀gá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti padà wá jókòó? Mi ò bi ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tí mo máa sọ fún. Bí wọ́n bá bi mí léèrè rẹ, mo ń sọ pé òtútù ń mú níbẹ̀. Onídìrí ní ẹni tí kò bá mọ̀ mí á rò pé mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́.

Alága ní àwọn ará ibi ìyáwèé yẹn ń retí èsì rẹ. Mo ní kó máa retí lọ.

Ọwọ́ òsì bùláòsì kan wà lára máṣíìnì láti àná, mi ò lè parí ẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejìlá

Màámi mi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo pẹ́, mo mọ̀. Inú ló bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà méjì tí mi ò fèsì sí dé, mo sọ ọ́ sínú àpò, mi ò já a. Ìgbà tí mo wá já a, mo wà ní yàrá àwọn olùkọ́, mò ń mu tíì, ọjọ́ tí ọ̀gá máa padà wá ti kù dẹ̀dẹ̀. Mo kà á dé ibi tí ìyàwó Alága ti ní ọkọ òun kì í ṣe ẹnikẹ́ni, tíì gba imú mi jáde. Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi ń sunkún. Mo wá mú kálámù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n: ẹ̀yin lókè, ẹni méjì lábẹ́ yín, ẹni mẹ́rin lábẹ́ àwọn yẹn, ẹni mẹ́jọ lábẹ́ wọn. Mo wò ó báyìí, mo figbe ta. Ohun tí mo ń fi ẹnu wí tí kò yé ọmọ kankan, ẹbí mi ti fi ẹnu ṣe é nílé tán!

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá jókòó, mi ò kọ nǹkan kan sára pátákó. Mo pe ọmọbìnrin kan tí mo sọ ní Ṣé-Lóòótọ́, torí kò sóhun tó o máa sọ tí kò ní bi ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí pé kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá lónìí. Mo ní kó dìde. Mo ní bí mo bá pàtẹ́wọ́, kó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ fún ẹni méjì péré tí kò tíì gbọ́, kí àwọn náà dìde. Bí mo bá tún pàtẹ́wọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ sọ fún ẹni méjì péré. Òun nìkan ló nàró. Mo pàtẹ́wọ́, ẹni méjì dìde. Mo pàtẹ́wọ́, ẹni mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, mẹ́rìndínlógún, kò wá sẹ́ni tó kù níjókòó mọ́ àfi ọ̀gá. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sọ.

Ìgbà yẹn ni mo wá kọ méjì ńlá, mo ní iye ẹni tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ fún nìyí. Mo kọ mẹ́ta kékeré sí èjìká rẹ̀, mo ní iye ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́ nìyẹn, bá a bá yọ ti ìkẹyìn kúrò. "Ní ìpàtẹ́wọ́ kẹta, ẹni mélòó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́?" Wọ́n kígbe: "Mẹ́jọ!" Mo ní, "Mẹ́fà tí gbogbo yín kọ níjọ́sí ńkọ́?" Ọmọkùnrin kan tó máa ń tòògbé nídìí fèrèsé ló nawọ́. Ó ní: "Ó lè jẹ́ mẹ́fà, bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn bá panu mọ́." Màámi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mọ́ ọn! Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa kò sẹ́ni tó panu mọ́, ó pé mẹ́jọ géérégé.

Ibẹ̀ kọ́ ló parí sí. Ṣé-Lóòótọ́ ní, "Ìgbà tẹ́ ò tíì pàtẹ́wọ́ rárá ńkọ́? Òdo ló máa wà lórí èjìká." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wá ni ìdáhùn? Àwọn tó kù pariwo: "Òdo!" Ó yíjú wò wọ́n, ó ṣe ṣìọ̀. "Òdo kẹ̀? Èmi ńkọ́? Èmi nàró níbẹ̀. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ èmi mọ̀ ọ́n. Ẹyọ kan ni." Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, Màámi: nọ́mbà tí òdo bá gun èjìká rẹ̀, ẹyọ kan ni. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo fi há a sórí kó tó yé mi. Ọ̀gá gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Mo buwọ́ lùwé lánàá. Èyí, ẹ sọ fún ẹni tó bá wù yín. Ọ̀gá bi mí níbi tí mo ti rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ìyá mi tó jẹ́ télọ̀ ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ọmọ sì kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kankan.

Ó ku ohun kan. Mò ń bọ̀ wálé ní ìsinmi gígùn, lóṣù keje. Mo fẹ́ kàn ṣílẹ̀kùn wọlé ni, kí n bá wọn níjókòó ìpàdé ẹbí, tòun ti bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ ọ́ nù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí Alága rí.

Bí wọ́n bá gbọ́ tẹ́lẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún, ojú mi sì là sílẹ̀ tí mo fi sọ fún yín. Òdo ni mo gbé lé e léjìká, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
olùkọ́ oní-mẹ́jọ


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìn-ín-ní

Olùkọ́ mi, tèmi nìkan,

O kú oríire! Ìgbà tí mo ka ibi tó o ti buwọ́ lùwé, mo jó yí máṣíìnì po, ẹ̀yìn tó ń dùn mí gan-an bá mi jó. Mo sọ fún Onídìrí, mo sọ fún àbúrò mi, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà Alága, ó ti gbọ́. Ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé o máa ṣe é. Mo wò ó, mo ní ẹ ṣé, sà. Ó ní yàrá tí wọ́n gbá náà ò ṣòfò, ìmọ́tótó dáa.

Àmọ́ o jẹ mí ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ó wá di pé o kó ẹnu ìyá rẹ lọ sílùú onílùú, o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Ṣé o tilẹ̀ sọ fún wọn pé mo rẹwà?

Ohun kejì tó o kọ, mo ti kà á. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ síbí, torí àbúrò mi jókòó tì mí, ọrùn ẹ̀ sì ti ń gùn bọ̀.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mò ń rán aṣọ kan lọ́wọ́. Mi ò wọn ẹnikẹ́ni kí n tó gé e, ìwọ̀n ẹ̀ wà lórí mi. Onídìrí wọlé lánàá, ó gbé e sókè, ó wo èjìká aṣọ náà títí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ èjìká yìí. Ta ló ni ín?" Mo ní oníbàárà kan ni, tó ń gbé lọ́nà jíjìn. Ó wo ojú mi. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, mo yára kó píìnì sẹ́nu.

O mọ̀ pé bá a bá kó píìnì sẹ́nu, télọ̀ kì í sọ̀rọ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ni mo ti ń kó o sẹ́nu, yálà aṣọ wà níwájú mi tàbí kò sí. Mo kó o lọ ìpàdé ẹbí. Alága bi mí níwájú gbogbo wọn pé kí ló ń jẹ́ báyìí, mo mi orí sí i. Àbúrò mi bi mí bóyá o tiẹ̀ ń ronú àtiwálé, mo fi kún èyí tó wà lẹ́nu mi.

Mo ti rò pé ó máa ni mí lára, ó sì ni mí lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ó dùn. Bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì, tí gbogbo wọn ń wọlé tí wọ́n ń jáde, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ò ń bọ̀. Ọmọbìnrin kíláàsì rẹ yẹn ò parọ́. Ẹyọ kan kì í ṣe òdo.

Bàtà yẹn, má tún un ṣe o. Tètè máa bọ̀, kí n lè tu píìnì yìí dànù.

Ìyá rẹ